ỌMỌ TÍ KÒ LÈ DÌDE LÓRÍ ÀGA, ÒUN LÓ Ń SÁRÉ NÍNÚ IGBÓ LÓJOOJÚMỌ́!

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílùú Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún á ní àlọ́ ni wọ́n ń pa. Kì í ṣe àlọ́ o. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, wọ́n tilẹ̀ ti fi ṣe sinimá.

Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2014, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mats Steen jáde láyé. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹkún sì gba ilé kan. Àmọ́ bí ikú ọmọ náà ṣe dun bàbá rẹ̀, Robert, àti ìyá rẹ̀, Trude, tó, ohun mìíràn wà tó tún ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní ọmọ àwọn wá sáyé, ó sì lọ, kò rí ayé. Kò ní ọ̀rẹ́. Kò mọ adùn olólùfẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ lọ́la pé Mats ṣe òun lóore kan báyìí. Inú yàrá, níwájú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló lo ìgbà ayé rẹ̀ sí.

Mats ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ó wọlé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ àwọn ti lọ, ó sì fi àdírẹ́sì ímeèlì sí i, pé bóyá ẹnì kan á fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀. Kò retí ohun púpọ̀. Ta ni yóò kọ̀wé sí ìdílé ọmọ tí kì í jáde?

Lẹ́tà kan wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ púpọ̀ ni wọ́n bá ń rọ́ wọlé bí òjò, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, lọ́wọ́ àwọn tí Robert kò gbọ́ orúkọ wọn rí láyé. Wọ́n ní àwọn ń sunkún. Àwọn mìíràn kọ ọ̀rọ̀ gígùn jàn-àn-ràn jan-an-ran nípa oore tí ọmọ náà ṣe fún wọn. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pè é ní Mats rárá. Ibelin ni wọ́n ń pè é.

Háà! Ta ló ń jẹ́ Ibelin?

ÀÌSÀN TÓ Ń TÚ IṢAN ARA BÍ AṢỌ TÍ ÒWÚ RẸ̀ TI KÚ

Ọdún 1989 ni wọ́n bí Mats. Ara rẹ̀ le nígbà tí wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó fura sí nǹkan kan. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tí ó ń sáré ni wọ́n rí i pé ìṣubú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó di ọdún 1993, àwọn dókítà pe bàbá àti ìyá rẹ̀ jókòó, wọ́n ní Duchenne ló ń ṣe ọmọ náà. Orúkọ dókítà ará Faransé kan tó ṣèwádìí àìsàn yìí láyé àtijọ́ ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹ̀yin télọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n fi òwú tó ti kú rán. Tó bá wà lórí hángà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe ń wọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìrán rẹ̀ á máa já. Bí iṣan ara ẹni tó ní Duchenne ṣe rí nìyẹn. Nǹkan kan wà tó yẹ kó di iṣan mú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ara ọmọ náà kò lè pèsè rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ló sábà máa ń mú. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, nígbà tó bá yá á dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ wà lónìí, àmọ́ èyí tó ń wò ó sàn pátápátá kò tíì sí.

Mats kò tíì dàgbà tó fi di èrò orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé aláìlera. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ń wò wọ́n. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, apá náà kò ṣeé gbé sókè mọ́. Níkẹyìn, ìwọ̀nba ohun tó kù tó lè fi ṣe nǹkan kò ju àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìka wọ̀nyẹn ló fi ń ta géèmù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé láàárín ọdún mẹ́wàá tó lò kẹ́yìn láyé, wákàtí tó lò nídìí géèmù náà wà láàárín 15,000 sí 20,000. Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tó ń dé ní ìrọ̀lẹ́, iye wákàtí tí onítọ̀hún á lò lẹ́nu iṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn!

Bàbá àti ìyá rẹ̀ bínú sí i nígbà mìíràn, ká má parọ́. Wọ́n á ní kó tètè sùn, kò ní gbà. Òru ni géèmù tirẹ̀ ń gbóná. Tí wọ́n bá wọ yàrá rẹ̀, ẹ̀yìn orí ọmọ wọn ni wọ́n ń rí, pẹ̀lú àwòrán tó ń mọ́lẹ̀ wìlìwìlì lójú ẹ̀rọ. Wọ́n rò pé bí ẹni ń yìnbọn síra wọn kí ẹnì kan sì borí ni gbogbo rẹ̀. Òbí wo ni kò ní sọ̀rọ̀?

ỌWỌ́ ÒSÌ NI ẸSẸ̀, ỌWỌ́ Ọ̀TÚN NI ỌRÙN

Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń jókòó síwájú irú nǹkan báyìí, tí wọn kò sì mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká là á.

Géèmù tí Mats ń ta, World of Warcraft ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2004, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2010, àwọn tó ń sanwó ta á ti lé ní 12 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Kì í ṣe bí ayò tí wọ́n á ta tán tí wọ́n á kó ọmọ ayò rẹ̀. Odidi ìlú ni. Igbó wà nínú rẹ̀, òkun wà, òkè wà, ilé ọtí wà, báǹkì àti ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Alágbẹ̀dẹ ń rọ idà, télọ̀ ń rán aṣọ, àwọn kan ń já ewé kiri inú igbó. Kódà, ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo wà níbẹ̀. Tí ẹni tó gbé ọjà kan wá bá ti pọ̀ jù, owó ọjà náà á já wálẹ̀. Kò yàtọ̀ sí tòmátò tó bá pọ̀ jù lọ́jà! Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara, tó jókòó sílé rẹ̀, ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń rìn kiri inú ìlú náà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀? Nǹkan méjì ni wọ́n fi ń rìn. Àkọ́kọ́ ni kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n to lẹ́tà sí bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé táwọn akọ̀wé ń lò nígbà kan. Ọwọ́ òsì ló ń gbé orí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló ṣe kókó: W, A, S àti D. Ẹni tó bá tẹ W mọ́lẹ̀ á máa lọ síwájú, S á gbé e padà sẹ́yìn, A jẹ́ ti apá òsì, D jẹ́ ti apá ọ̀tún. Bọ́tìnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi ń fò sókè.

Èkejì ni máòsì, tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Òyìnbó ní ó jọ eku, wáyà ara rẹ̀ ni ìrù. Tí wọ́n bá di bọ́tìnì ọ̀tún orí rẹ̀ mú tí wọ́n sì sún un díẹ̀, ẹni inú géèmù á yíjú, ohun tó wà níwájú rẹ̀ á sì yí padà: ògiri á kúrò, ọ̀nà á yọ. Ọwọ́ òsì ti di ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn àti ojú. Nínú géèmù yìí gan-an, tí èèyàn bá di bọ́tìnì máòsì méjèèjì pọ̀, ẹni náà á máa rìn lọ síwájú láìfọwọ́ kan lẹ́tà kankan.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á fojú rí nǹkan. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀? Ẹsẹ̀ ń wa ẹ̀rọ, ọwọ́ ń darí aṣọ, wọn kò sì gbọ́ ara wọn, ni òwú bá ń já. Bákan náà ni. Ẹlòmíràn á forí sọ ògiri, á máa rìn lójú kan. Ẹlòmíràn á gbójú sókè ọ̀run, kò ní mọ bí yóò ṣe gbé e sílẹ̀. Òòyì á kọ́ àwọn kan, nítorí pé ojú ń sọ fún wọn pé wọ́n ń sáré, ara sì mọ̀ pé orí àga lòun wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, èèyàn ò tún ní rántí lẹ́tà mọ́, bí télọ̀ tó ti pẹ́ kì í ṣe rántí ẹsẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ni pé kọ̀ǹpútà mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ìlú náà, igi àti òkúta. Bí máòsì bá ti mira báyìí, á ṣírò ibi tí ojú ẹni náà wà, á sì ya àwòrán ohun tí ojú náà yẹ kó rí. Ó lè tó ìgbà 30 tàbí 60 tó ń yà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dà bíi pé èèyàn ń rìn lóòótọ́.

Máòsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan eré níbẹ̀rẹ̀. Douglas Engelbart ní Amẹ́ríkà ló ronú rẹ̀, igi ni wọ́n fi gbẹ́ àkọ́kọ́ lọ́dún 1964, ó sì fi han gbogbo èèyàn ní San Francisco lọ́jọ́ 9, oṣù kejìlá, ọdún 1968. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ní lọ́kàn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1997, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dennis Fong ti fi máòsì àti lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyẹn borí nínú ìdíje géèmù tí wọ́n ń pè ní Quake, ló bá fi gba mọ́tò Ferrari! Mọ́tò gidi o, kì í ṣe ti inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá tẹ̀ lé bó ṣe ń gbé ọwọ́ lé lẹ́tà, títí dòní.

Ohun tó kan Mats nínú gbogbo èyí ni pé wọ́n lè ṣètò máòsì kí ó yá gágá, débi pé bí ìka bá sún un bíńtín báyìí, ẹni inú géèmù á yí gbogbo ara. Wọ́n lè gbé iṣẹ́ lẹ́tà kan fún òmíràn tó bá sún mọ́ ìka. Bọ́tìnì kan tilẹ̀ wà nínú World of Warcraft tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà á máa sáré lọ fúnra rẹ̀, títí wọn yóò fi dá a dúró. Ẹni tí kò lè gbé ife omi dé ẹnu lè fi ìyẹn la igbó já.

GÉŃDÉ TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ IBELIN

Ibelin Redmoore ni orúkọ tí Mats sọ ara rẹ̀ nínú ìlú náà. Géńdé ni, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Bó bá ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó sáré. Á sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, láàárín igbó àti lẹ́bàá omi, kó tó ṣe ohun mìíràn. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí rẹ̀.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Starlight. Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ ṣákálá ni. Wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, wọ́n ní òfin, wọ́n ní àgbà, wọ́n sì ń ṣọ̀rọ̀ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bára wọn sọ, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, á sì hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ohun tó máa tẹ̀ tí wọ́n á fi mọ̀ pé ó dì mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin kan ní Netherlands, ìgbà tí ó kọ́kọ́ pàdé Ibelin, fìlà ló já gbà lórí rẹ̀, ó sì sá lọ. Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, àwọn òbí ọmọbìnrin náà rí i pé ó ń ṣe géèmù jù, ìwé rẹ̀ ń bàjẹ́, ni wọ́n bá gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kárísọ. Mats jókòó ní Oslo, ó kọ lẹ́tà sí bàbá àti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bú wọn. Ó ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀rẹ́ inú géèmù ṣe ṣe pàtàkì sí ọmọ wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n.

Ìyá kan tún wà ní Denmark tí ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìṣòro ọtísíìmù. Ọmọ náà kì í fẹ́ jáde nílé, kì í sì fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun. Ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibelin ló gbà á níyànjú pé kí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ máa ṣe géèmù náà. Wọ́n jọ ṣe é. Nínú géèmù yẹn, ọmọ gbà kí ìyá dì mọ́ òun. Ẹni tó bá ti bímọ rí mọ ohun tí ìyẹn tó.

Kì í ṣe pé Mats jẹ́ áńgẹ́lì. Ìgbà kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú jù, tó ń sọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí tí wọ́n fi bá a wí tó sì tọrọ àforíjì. Ó sì ń pa àṣírí mọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Tí àìsàn bá dé tó wọ ilé ìwòsàn, wọ́n á kàn rí i pé Ibelin kò wá, kò sì ní sọ ìdí. Ọdún pọ̀ tí wọ́n fi jọ wà tí wọn kò mọ̀ pé géńdé tó ń sáré níwájú wọn kò lè dá dìde. Ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kà á. Kò sí ẹni tó sá fún un.

ÌSÌNKÚ

Àwọn wọ̀nyí ló kọ̀wé sí Robert lóṣù kọkànlá yẹn. Ó ń ka lẹ́tà, Trude ń kà á, omijé kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń kà. Ọmọ tí wọ́n ní kò ní ọ̀rẹ́!

Starlight dá owó jọ kí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ lè rí owó wá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n dé sí Oslo láti Netherlands, Denmark, Finland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí Mats sójú rí, inú pósí ni wọ́n ti bá a. Wọ́n gbé àsíá Starlight lé pósí náà. Olórí wọn, ọmọ Norway ni, dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí. Ó ní bí àwọn ṣe dúró níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń tan àbẹ́là fún Mats ní kíláàsì kan ní Netherlands, ní ibi iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Ireland, ní ilé ìkàwé kan ní Sweden.

Robert sọ ọ́ gbangba lẹ́yìn náà pé ó dun òun pé òun kò jókòó ti ọmọ òun, kí òun ní kó fi han òun.

Ẹgbẹ́ náà ti ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ó tó ojú ìwé 42,000. Benjamin Ree, oníṣẹ́ sinimá ọmọ Norway, kó o, ó fi àwòrán inú géèmù sí i, ó sì tò ó padà bí Ibelin ṣe rìn àti bó ṣe sọ̀rọ̀. Sinimá náà gba ẹ̀bùn ní Sundance ní Amẹ́ríkà lóṣù kìíní ọdún 2024, ó sì bọ́ sórí Netflix lóṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù tún ta kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré kan nínú rẹ̀ ní ìrántí Mats, wọ́n sì gbé owó rẹ̀ fún àwọn tó ń wá oògùn Duchenne.

Nígbà tí àyájọ́ ikú rẹ̀ pé, Starlight ránṣẹ́ pe ara wọn. Kì í ṣe ayẹyẹ oúnjẹ. Olórí wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé sísáré ni kí wọ́n wá ṣe, nítorí pé eléré ìje ni Ibelin, ó sì fẹ́ràn kí ẹlòmíràn bá òun sáré. Oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọwọ́ òsì lórí lẹ́tà, ọwọ́ ọ̀tún lórí máòsì. Wọ́n tò sí ojú ọ̀nà tí Ibelin máa ń gbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.